Orúkọ Tí Wọ́n Fi Di Àyè Mú

Iṣu ni mo lọ rà ní Rye Lane. Ọjọ́ Tuesday ni, òjò ń ṣẹ̀, mo sì ń fa kẹ̀kẹ́ ọjà mi bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Babátúnjí nígbà tí mo rí pósítà tuntun lára gíláàsì rẹ̀. Alhaji Làtíìfù Ayọ̀délé ló wà lápá òsì, ó dé fìlà pupa, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti wọlé. Òun ló ń du ipò alága ẹgbẹ́ wa. Lápá ọ̀tún, níbi tí ojú tèmi wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Alhaji Dáramọ́lá ni mo rí níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀: igbákejì alága.

Mo kọ́kọ́ rò pé awò ojú mi ló dọ̀tí. Mo bọ́ ọ, mo nù ún, mo tún wò. Dáramọ́lá náà ni. Wọn ò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Orí tèmi ni wọ́n lẹ tirẹ̀ mọ́, etí ìborùn mi ṣì yọ díẹ̀ lábẹ́ èjìká rẹ̀.

Babátúnjí yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Ah, Mummy, ẹ káàsán o. Ṣé ẹ ti step down ni? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá change ẹ̀ láàárọ̀ yìí ni."

"Èmi? Ta ló sọ fún ẹ pé mo step down?"

"Alhaji Làtíìfù fúnra wọn ni o."

Mi ò ra iṣu mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé kí n fi sùúrù sọ ìtàn yìí, kò sí níbẹ̀, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Inú bí mi débi pé mo rìn kọjá ibùdókọ̀ mi, mo tún rìn kọjá èkejì, òjò ń pa mí, kẹ̀kẹ́ ọjà òfìfo ń pariwo lẹ́yìn mi. Wọn ì bá tilẹ̀ pè mí lórí fóònù kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Fóònù lásán. Ìṣẹ́jú kan.

Orúkọ mi ni Kúbúrá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, èmi ni mò ń ṣáájú àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin nínú Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí a ní ní Peckham níbí. Iṣẹ́ náà kò ní ariwo. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ fi rò pé èmi náà kò lẹ́nu.

Yàrá kan ṣoṣo la ní tí a ti ń wẹ òkú. Bí ti ọkùnrin bá wà nílẹ̀, tirẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi Àmínát kú, ọ̀rẹ́ ogójì ọdún. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la gbé e dé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Òkú ọkùnrin méjì wà níwájú wa. Ẹ̀kẹta dé lẹ́yìn wa, wọ́n tún gbé e kọjá wa wọlé. Àmínát wà nínú ọkọ̀ níta fún wákàtí márùn-ún. Mo jókòó tì í. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bi mí léraléra pé, "Aunty, ṣé ó ti kàn wá?" Mo wẹ Àmínát nígbà tó yá, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti fi ìyà jẹ ẹ́ lẹ́yìn ikú.

Bẹ́ẹ̀ yàrá mìíràn wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà. Omi wà níbẹ̀, ihò tí omi ń gbà lọ wà nílẹ̀ rẹ̀. Àga ni wọ́n ń kó sí i. Yàrá yẹn ni mò ń tọrọ láti ọjọ́ tí a ti sin Àmínát. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Òun náà ni Làtíìfù fi mú mi. Ẹgbẹ́ wa kì í dìbò bí àwọn ẹgbẹ́ tó kù. Bí wọ́n ṣe ń du ipò ààrẹ ní Nàìjíríà ni àwọn tó kọ òfin wa ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe alága gbọ́dọ̀ mú igbákejì, orúkọ méjèèjì á wà lórí fọ́ọ̀mù kan, ìbò kan náà ló máa gbé wọn wọlé tàbí kó gbé wọn ṣubú. Ó wá bá mi nílé lẹ́bàá Peckham Rye, ó jókòó, ó káwọ́ lé itan bí ọmọ rere.

"Àǹtí Kúbúrá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí a jọ ṣe é. Àwọn obìnrin trust yín gan-an."

"Yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Tiyín ni, in shā Allāh. First thing tí a bá ti wọlé."

Ó jẹ bisikíìtì mi mẹ́fà. Mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà lójú rẹ̀.

Ó sì yẹ kí n ti mọ̀, nítorí ọmọ ẹni tó ń ṣa pósítà ìbò jọ ni mí. Aránṣọ ni bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1979, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí olùdíje fún ipò ààrẹ máa mú igbákejì dání, bàbá mi lẹ pósítà gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo ayé ń wo olórí ńlá iwájú. Bàbá mi ń wo ti ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Kúbúrá, ẹnìkejì ni kí o máa wò. Ẹni àkọ́kọ́ kò ní sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún ẹ. Ẹni tó bá mú dání ló máa sọ ọ́." Ọdún yẹn, ẹni tí a fẹ́ràn nílé wa mú ẹnìkejì láti ilẹ̀ Ìgbò, bàbá mi sì mirí, ó ní, "Àríwá ńkọ́?" Ẹni tó ti Ṣókótó wá náà mú ti ilẹ̀ Ìgbò, òun ló wọlé. Ní 1993, mo ti wà ní London, bàbá mi pè mí lórí fóònù pé Mùsùlùmí méjì ló wà lórí pósítà kan, pé àwọn èèyàn pariwo títí, wọ́n sì tún lọ dìbò fún wọn. Àwọn ológun ló fagi lé e. Títí ó fi kú, ó máa ń ní ìdìbò yẹn ló kọ́ òun pé àwọn ará ìlú gbọ́n ju àwọn tó ń bá wọn ka ẹ̀sìn lọ.

Ní ọdún 2022, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan nílé kọ orúkọ ẹni tí wọn ò ní lọ́kàn ránṣẹ́ sí àjọ ìdìbò, kí ọjọ́ má baà kọjá mọ́ wọn lórí. Adipòmú ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó ṣe, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ẹni tí wọ́n ń wá sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní irú èèyàn wo ló máa gbà kí wọ́n fi orúkọ òun di àyè mú, bí ẹni gbé báàgì sórí àga? Ẹ wá wò mí.

Ọjọ́ Thursday ni Làtíìfù tó wá. Kò gbé ẹ̀bẹ̀ wá, lẹ́tà ló gbé wá, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àyè ìbuwọ́lù nìkan ló kù.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mo fẹ́ pè yín, àmọ́ mo wà lórí shift."

Ó wà lórí shift, ó sì ráyè lẹ pósítà.

"Ṣé ẹ rí i, Dáramọ́lá náà fẹ́ contest fún chairman tẹ́lẹ̀. Tó bá jáde, á pín ìbò mọ́ mi lọ́wọ́. Now, ó ti gbà láti step down, as long as òun ló máa jẹ́ vice. Orúkọ yín, a kàn fi di ààyè mú ni, kí deadline má baà kọjá. Placeholder. Kì í ṣe personal rárá, Àǹtí. Wọ́n ń ṣe é nílé."

"Àwọn tó ń ṣe é nílé, ṣé wọ́n máa ń sọ fún ẹni náà?"

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn ètè. Ó bu tíì mu.

"Yàrá mi ńkọ́?" mo ní.

Ó wo inú ife. "Ẹ̀n... Alhaji Dáramọ́lá ní òun máa nílò office. Vice chairman ò kúkú lè máa jókòó sí corridor. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ló wà nílẹ̀. A máa look into ti àwọn obìnrin tó bá yá."

Mo gbé ife tíì kúrò níwájú rẹ̀. Kò tíì mu ún tán.

"Ẹ kàn sign níbí, Àǹtí."

"Fi sílẹ̀," mo ní, "kí o sì máa lọ."

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ju Làtíìfù lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ti Mẹ́kà dé, "ẹ" ti ọ̀wọ̀ ni mo ń fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà á padà. Ó gbọ́ ọ. Ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi Bàrákàt ti ibi iṣẹ́ dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìlú yìí la bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò tiro.

"Wọ́n paste man yẹn over your face? Mummy, no. Mo máa call wọn now now, I swear down."

"Má pe ẹnikẹ́ni. Fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn fún mi."

Inú dúrọ́ọ̀ yẹn ni mo ń tọ́jú aṣọ àwọn ìyá àgbà sí. Àwọn ìyá wa tó bá lọ sí Mẹ́kà máa ń ra aṣọ funfun tí wọ́n máa fi sin wọ́n níbẹ̀, wọ́n á fi omi Zamzam ṣàn án, wọ́n á gbé e bọ̀. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n pé àwọn ọmọ lè ṣèèṣì dà á nù tàbí kí wọ́n fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà ọwọ́ mi ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ lára. Méje ló wà níbẹ̀. Ìwé òfin ẹgbẹ́ wà lábẹ́ wọn.

Bàrákàt ka ìwé náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí ẹni pé n kò gbọ́ òyìnbó. Abala kẹsàn-án: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ orúkọ olùdíje tàbí ti igbákejì rẹ̀, àfi kí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e fún alábòójútó ìbò, kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Saturday tó ṣáájú ìdìbò. Lẹ́yìn aago mẹ́rin, kò sí pípààrọ̀ mọ́.

"Mummy, wait. Ẹ wo ẹni tó kọ ọ́. Drafted by Brother L. Ayọ̀délé, 2019."

Mo rántí. Ní 2019, ẹnì kan gbé ayédèrú lẹ́tà lọ pé Làtíìfù kò du ipò akọ̀wé mọ́. Ó sunkún káàkiri Peckham. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ òfin yìí kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí i mọ́. Bàrákàt rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mò ń kó àwọn aṣọ padà sínú dúrọ́ọ̀, mo sì rí orúkọ tó wà lára èyí tó wà lókè pátápátá: Sàlámátù, ìyá Làtíìfù, Deptford.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni ìyá yẹn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fún mi ní aṣọ náà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìwọ ni kí o wẹ̀ mí, Kúbúrá. Má sọ fún Làtíìfù. Tí mo bá ti dárúkọ ikú báyìí, ẹkún ló máa bú sí." Mo gbé aṣọ náà sínú báàgì mi.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Saturday, aago mẹ́ta ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Èèyàn bí ogójì ló wà níbẹ̀, àwọn obìnrin lápá kan, àwọn ọkùnrin lápá kejì. Bàbá Mobọ́lájí, alábòójútó ìbò wa, jókòó sídìí tábìlì níwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé ìlú yìí ní 1959, wọ́n sì ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Bàbá Mobọ́lájí, ẹ fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Làtíìfù àti Dáramọ́lá wọ agbádá oríṣi kan náà.

"Àǹtí, thank you," Làtíìfù ní. "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní já mi kulẹ̀."

Mo gbé lẹ́tà títẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú Bàbá Mobọ́lájí. Mi ò buwọ́ lù ú. "Bàbá, tí mo bá sign eléyìí, ṣé ó dára?"

Bàbá yọ awò, wọ́n fi sójú. "Kò dára. Article nine. Ọwọ́ rẹ lo gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́."

"Ta ló tún gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀?" Làtíìfù ní.

"Ìwọ ni," Bàbá ní.

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Làtíìfù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń lọ sára aago ògiri. "Ó dáa, kò burú. Ẹ fún Àǹtí ní bébà."

Wọ́n gbé bébà àti báírò síwájú mi. Mo ní: "Màá kọ ọ́. Mi ò fẹ́ ipò yín. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ tèmi, ìwọ àti Dáramọ́lá, ẹ kọ ìlà kan fún mi pé yàrá ẹ̀yìn di ti òkú obìnrin láti òní lọ. Kí ẹ fọwọ́ sí i lójú Bàbá."

Dáramọ́lá pòṣé. "Ṣé inú ilé òkú ni kí n ti máa ṣe meeting ni?"

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Làtíìfù dìde, ó na ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín olóṣèlú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó wà láàyè là ń bá ṣe ìlú. Àbí òkú ló máa wá dìbò fún wa next week?"

Apá àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Apá àwọn obìnrin kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Àmínát wà níbẹ̀, mo rí i tó tẹ orí ba. Orí mi gbóná. Mo dìde, mi ò sì mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ sínú báàgì.

"Làtíìfù," mo ní, mi ò pe Alhaji mọ́ ọn. "Wákàtí márùn-ún ni Àmínát fi wà nínú ọkọ̀ níta ibí yìí. O kọjá lára ọkọ̀ yẹn, o kí mi, o wọlé lọ jẹun. Àwọn tó ń dúró de omi níta yẹn, ìyá yín ni wọ́n, ìyàwó yín ni wọ́n. O ní òkú kì í dìbò. Gba eléyìí, ka orúkọ tó wà lára rẹ̀."

Mo gbé aṣọ funfun náà lé orí tábìlì.

Ó kà á. Sínú ló kà á.

"Kà á sókè, kí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gbọ́."

Bàbá Mobọ́lájí ló fa aṣọ náà sọ́dọ̀, wọ́n kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Sàlámátù, ìyá Làtíìfù. Deptford."

"Ìyá rẹ ló fún mi," mo ní. "Wọ́n ní èmi ni kí n wẹ̀ wọ́n, mo sì ṣèlérí. Sọ fún mi lónìí, lójú gbogbo èèyàn, ibi tí màá ti wẹ̀ wọ́n. Ṣé inú ọkọ̀ ni, nínú òjò? Àbí orí tábìlì office Dáramọ́lá ni?"

Dáramọ́lá fa apá agbádá Làtíìfù, ó ń sọ sí i létí pé, "Time ń lọ o, kọ ọ́ fún un, kó sign." Báírò wà lórí tábìlì láàárín èmi àti Làtíìfù. Mi ò fọwọ́ kàn án, òun náà kò fọwọ́ kàn án. Ó fa aṣọ ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni tó ń dáàbò bo nǹkan.

Bàbá Mobọ́lájí pa ìwé wọn dé. "Aago mẹ́rin. Fọ́ọ̀mù kò yí padà. Làtíìfù Ayọ̀délé fún alága, Kúbúrá Adégòkè fún igbákejì alága. Ó parí." Dáramọ́lá dìde, ó pòṣé tó dún dé ẹnu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ìgbà wo ni wọ́n fún yín?" Làtíìfù bi mí. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ó pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ, pé ẹkún lo máa bú sí."

Ó sì bú sí ẹkún náà, ọkùnrin ọgọ́ta ọdún, nínú agbádá tó fi fẹ́ wọlé ìbò. Àwọn kan ní kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mi ò rẹ̀ ẹ́. Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká a dáadáa, mo dá a padà sínú báàgì mi, nítorí ọwọ́ mi ni wọ́n fi pamọ́ sí.

Nígbà tó ṣe, ó bọ́ agbádá, ó gbé e kọ́ ara ìlẹ̀kùn, ó lọ ṣí yàrá ẹ̀yìn. A gbọ́ ariwo irin. Ó gbé àga méjì jáde, ó dúró láàárín gbọ̀ngàn, omijé ṣì wà lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ibo ni kí n kó wọn sí?"

"Kó wọn sí corridor," mo ní. "Igbákejì alága máa jókòó síbẹ̀."

Ó kó wọn síbẹ̀. Ó padà, ó tún kó méjì. Mo fa ọ̀kan sọ́dọ̀ mi, mo jókòó lé e, mo ń wò ó bó ṣe ń lọ, bó ṣe ń bọ̀. Inú ṣì ń bí mi. Mi ò bá a gbé ẹyọ kan.